Ìbọn ìléwọ́ Jàpáàn tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìbọn ogun àtijọ́ tẹ́ ẹ ti rí, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Bàbá òyìnbó kan wà ní Texas níbí tí mo máa ń bá tún wáyà iná ilé ẹ̀ ṣe, bàbá tó bí i ló gbé ìbọn ìléwọ́ kan bọ̀ láti ojú ogun Jàpáàn ní 1945, ọjọ́ tí mo sọ fún un pé bàbá mi àgbà lọ ogun Bọ́mà ló wọ yàrá lọ gbé e wá. Kó tó fún mi, ó ká irin tó dè é lórí sókè, ìbọn yẹn ṣẹ́ sí méjì, ẹnu ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, mo rí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọta níbẹ̀. Ó ní báyẹn náà ni èèpo ọta tó bá ti yìn ṣe máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Type 26 ni wọ́n ń pè é, torí ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n sáà Meiji, ọba Jàpáàn ìgbà yẹn, ló jáde, 1893 nìyẹn. Àwọn sójà ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ṣe é fún, ìdí nìyẹn tí òòlù ẹ̀yìn ẹ̀ ò fi ní ìwo tí wọ́n máa fi àtàńpàkò fà, kó má baà kọ́ aṣọ. Tírígà nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: bó o bá ṣe ń fà á, òòlù á máa lọ sẹ́yìn, àgbá, ìyẹn irin roboto tí ihò mẹ́fà yẹn wà lára ẹ̀, á yí ihò kan, tó bá dé òpin, òòlù á já lu ìdí ọta. Ó le fún ìka gan-an o!

Bàbá wá fa irin tó yí tírígà ká wálẹ̀, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ òsì bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò lo sukudíráfà rárá, sípíríǹgì, òòlù, gbogbo inú ẹ̀ hàn kedere. Èmi oníṣẹ́ ọwọ́, orí mi wú. Ẹni tó ro ìyẹn mọ sójà tó wà nínú ẹrẹ̀, ó gbọ́n.

Àmọ́ ó ní kí n fọwọ́ kan àgbá yẹn, ló bá ń yí fàlàlà. Ìgbà tí wọ́n bá fa tírígà nìkan ni nǹkan ń dì í mú. Tí ọta méjì bá ṣẹ́ kù, tí àgbá fara gbo àpò awọ, ó lè yí kúrò, kí sójà fà á kó lọ bọ́ sórí èèpo òfìfo, ọ̀tá sì ti dé iwájú ẹ̀. Ọmọ ẹni kan ló di ìyẹn mú. Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn.

—

Èsì ẹlòmíì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi rí Type 26 kan ní Ohio, òrùka mẹ́rin tó wọnú ara wọn wà lára ẹ̀, àmì iléeṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Koishikawa, Tokyo nìyẹn. Ọta ẹ̀ ò bá ọta ìbọn ìléwọ́ 9mm òde òní mu, ẹni tó ni í ò yìn ín rí, ó kàn máa ń fi òróró nù ún ni.