Ooru Àbújá yìí, ọdún 54, àti gáùn tí ò lápá: ẹ bá mi dá sí i o

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe:

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Lugbe ni mò ń gbé, mo pé 54 nínú oṣù kejì, ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ bí oṣù kẹta ṣe máa ń rí ní Àbújá níbí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tí ara á ti máa gbóná bí ààrò, tó bá di ọ̀sán fóònù á kọ 38, NEPA á sì ti mú iná lọ. Ooru ìta nìyẹn o, mi ò tíì sọ ti inú. Ẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ, màá kàn jókòó jẹ́jẹ́ ní mítìn, nǹkan á ṣáná láti àyà, á gòkè wá sójú, òógùn á bò mí bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, kó tó pẹ́ á tún lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní London wá fi gáùn kan ránṣẹ́ sí mi, sọ́mà gáùn ló pè é. (Sọ́mà, ìgbà ooru tiwọn yẹn náà sha, ọjọ́ tí tiwọn kọjá 40 lọ́dún 2022, gbogbo ayé ló gbọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Sókótó ń rí i lọ́dọọdún, wọ́n ń dáná, wọ́n ń lọ ọjà.) Gáùn yẹn rẹwà ká má purọ́, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ìbẹ́pẹ, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, àmọ́ kò lápá rárá, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi rọ̀ mọ́ èjìká. Sátidé mo wọ̀ ọ́, mo fẹ́ lọ ra ata ní Wuse. Ọmọ mi obìnrin wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní "Mummy, èyí lẹ fẹ́ wọ̀ jáde?" Ṣé ẹ mọ ohùn yẹn? Kò bú mi, kò sì yìn mí. Mo padà sí yàrá, mo wo apá mi nínú dígí, mo juwọ́ bí ẹni tó ń kí èèyàn, mo rí i pé apá ń mì lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dúró. Mo bọ́ ọ. Mo wá wọ búbù dúdú kan lọ, búbù yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí, kí n tó dé ìdí àwọn alátá ó ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ẹlẹ́ran kan ló ṣàánú mi tó fún mi ní àpótí jókòó.

Ìbéèrè mi rè é: ṣé mo ti dàgbà kọjá aṣọ tí ò lápá ni, àbí mo kàn ń ro ti ọmọ yẹn jù? Kí lẹ̀yin ń wọ̀ tí ẹ ò fi ní jọ ìyá arúgbó, tí ẹ ò sì ní jọ ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ du aṣọ?

Ṣadé_Gwarinpa:

Mummy ẹ wọ̀ ọ́ jàre!!! Apá tẹ́ ẹ fi pọn ọmọ kẹ̀ lẹ tún fẹ́ máa bò. Màmá tèmi ti lé ní 60, jíǹsì ló ń wọ̀ lọ ra búrẹ́dì, ojú wa ti mọ́ ọn. Ẹ kàn fi ìyẹtí ńlá sí i, ẹ kun ẹnu yín, ẹ jáde.

Tèlọ̀_Kubwa:

Ẹ káàsán mà. Ọdún 17 ni mo ti ń ránṣọ fáwọn obìnrin, èmi ò ní sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rárá, aṣọ ni màá sọ. Gáùn London yẹn, ẹ yí i sódì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, líbẹ́ẹ̀lì funfun kékeré kan máa wà níbẹ̀. Ẹ ka ohun tó kọ. Mo fẹ́ẹ̀ búra pé polyester ni. Polyester, rọ́bà ni mà, inú epo rọ̀bì ló ti ń wá, ìdílé kan náà ni òun àti ìgò ike omi tẹ́ ẹ̀ ń sọ nù, kì í mu omi. Òógùn tó jáde lára yín ò ríbi lọ, á jókòó síbẹ̀. Búbù dúdú yín náà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú àwọn "silk" ọjà yìí ni, èyí tí kò rí kòkòrò silk rí láyé ẹ̀. Ẹ wọ rọ́bà, ó tún dúdú, oòrùn ọ̀sán sì ni, ẹ máa gbóná dandan!

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí, èmi ń ṣe é níwájú kọ́sítọ́mà. Ẹ fa òwú kan yọ létí aṣọ, ẹ bọ́ síta, ẹ fi nǹkan dì í mú kí iná má jó yín lọ́wọ́, ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bíi pépà tí eérú rẹ̀ rọ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i tó fò lọ, kọ́tìnì ni. Tó bá sún kì, tó yọ́, tó wá di kókó dúdú líle kan tó ń rùn bí ọ̀rá tí wọ́n sun, ẹ ti mọ̀. Obìnrin kan gbé ankara yáàdì mẹ́fà wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ẹni tó tà á fún un ti fi Ọlọ́run búra pé kọ́tìnì pọ́ńbélé ni, a ṣáná sí òwú kan péré, kókó. Obìnrin yẹn ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, apá tí ò sí kọ́ ni wàhálà, ihò apá ni. Aṣọ tí wọ́n kó tà lápò, gbogbo ayé ni wọ́n gé e fún, ihò apá á wá sọ̀kalẹ̀, ẹran ẹ̀gbẹ́ abíyá á yọ, kọ́mú á yọ, èèyàn á rò pé ara òun ló burú nígbà tó jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì ló burú. Tí mo bá gé ihò apá sókè dáadáa tí mo sì fi èjìká tó ní ìbú tó íńṣì mẹ́ta síbẹ̀ dípò okùn, ìyá ẹni 70 lè wọ̀ ọ́ lọ ìkómọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ló tutù jù nínú oòrùn, apá gbàgẹ̀rẹ̀ tó dé ìgbọ̀nwọ́ ló tutù ju àìlápá lọ, torí oòrùn ò ní kan ara, atẹ́gùn á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Kò gbọdọ̀ ní láyínì (aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú), kò gbọdọ̀ ní stay (èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ le). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ fún tèlọ̀ pé kó fi stay líle sí àyà aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ nínú oṣù kẹta, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ummu_Abdul_KD:

Salaam o. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Kàdúná ni mo ti ń gbé láti bí ọdún 20, híjáàbù ni mò ń wọ̀, mo sì rí i pé àwọn tí kì í bo ara máa ń káàánú wa lásán. Ẹ wo àwọn obìnrin Máídúgùrì pẹ̀lú láfáyà wọn, aṣọ kan ṣoṣo gígùn gbọọrọ tí wọ́n wé láti orí dé ẹsẹ̀, ooru wọn ju tiwa lọ, síbẹ̀ ẹ ò ní rí òógùn lójú wọn. Aṣọ yẹn fẹ́lẹ́, kò sì fún mọ́ wọn níbì kankan. Òkè Ọya níbí, ooru gbígbẹ ni, òógùn ń gbẹ kíá, ẹni tó bá bo ara pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó sì tú ló máa gbádùn. Tiyín ní Àbújá yàtọ̀ díẹ̀, tó bá ti ń wọ oṣù kẹrin tí òjò ń sú tí kò rọ̀, ooru yẹn tutù, ó ń lẹ̀, kò sí aṣọ tó lè gbà yín tán.

Mo fara mọ́ ti tèlọ̀, àmọ́ mo fẹ́ kún un. Ibi téèyàn ń lọ náà ń bẹ níbẹ̀. Ní Wuse kò sẹ́ni tó máa wo apá yín lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ọjà ńlá Kàdúná níbí ni tàbí Kantin Kwari ní Kánò, wọ́n á wò yín, ara yín ò ní balẹ̀, ẹni tára ẹ̀ ò balẹ̀ sì ti pàdánù gbogbo ẹwà aṣọ tó wọ̀. Ẹ fi ìborùn fúlẹ́fúlẹ́ kan sínú báàgì, ó ti parí. Aṣọ funfun? Aláṣọ àlà kì í jókòó sísọ̀ elépo, ní tiwa níbí eruku ni elépo, ẹ wọ àwọ̀ erùpẹ̀, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run.

Nǹkan kan wà táwa obìnrin kì í fẹ́ sọ: itan. Gáùn tó tú, itan méjì á máa ha ara wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ á ti bó. Ṣòkòtò péńpé kọ́tìnì ni mò ń wọ̀ sábẹ́, kì í ṣe táìtì o. Ti ooru inú yẹn, àǹtí mi, tó bá ń jí yín lóru lójoojúmọ́ ẹ sọ fún dókítà, oògùn wà fún un.

Bọ̀dá_Nyanya:

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ìyá tó ti lé ní 50 tó sì ní ọmọbìnrin nílé, ó yẹ kó fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Kí ló dé tí ìró àti bùbá ò tó mọ́?

Màmá_Mínà:

Nyanya, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Singlet tó o fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ta lo fi ṣe àpẹẹrẹ fún?

Ẹni ọdún 72 ni mí, tíṣà ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní ogún ọdún, òlèkú la ń wọ̀, ìró tí ò dé orúnkún, ìró àti bùbá náà ni o, àwọn ìyá wa sì ń pariwo. Bùbá kì í ṣe ọ̀tá ooru, aṣọ tí wọ́n fi ń rán an báyìí ni. Léèsì tó le bí àwọ̀n, gèlè tó dún wàràwàrà bí bébà, kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe lọ́sàn-án gangan? Èmi ò we gèlè mọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn àfi tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, tí wọ́n bá ti yà á tán mo ti tú u.

Àdìrẹ ni mo ń wọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà kò lè lákìísà bí àgbà, àkísà yẹn gan-an lọrọ̀ mi. Mo ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, ó ti rọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, etí rẹ̀ ti fà ya, mo ní kí wọ́n gé ibi tó ṣì dára, kí wọ́n fi rán gáùn àìlápá fún mi, òun ni mo wọ̀ tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo Mama Nike Okundaye, gbajúgbajà aládìrẹ, 1951 ni wọ́n bí wọn, àdìrẹ, ìlẹ̀kẹ̀, gèlè gàgàrà, wọ́n ti dá ẹ̀ka ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Àbújá yín níbẹ̀ lójú ọ̀nà ẹ́apọ́ọ̀tù. Ẹ bá mi wá ọmọ ogún ọdún tó máa wọ yàrá tí wọ́n bá wà tójú ò ní kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá.

Ìkìlọ̀ kan sha: àdìrẹ aláró tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Mo wọ ọ̀kan lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìfọ̀, òógùn pàdé aró, kọ́mú funfun mi di ti ológun ojú omi.

Ummu_Abdul_KD:

Màmá 😂😂 kọ́mú ológun ojú omi! Aró wà lọ́dọ̀ wa náà o, àwọn kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, 1498 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra aṣọ kan níbẹ̀, gbogbo ọrùn mi dúdú fún ọjọ́ méjì.

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe:

Mo ti padà dé o, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin àbúrò mi. (Bọ̀dá Nyanya, ẹ ṣeun náà.)

Mo wo líbẹ́ẹ̀lì gáùn London: polyester, 97%. Mo fa òwú kan yọ lára búbù dúdú, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣáná sí i, ó sún kì, kókó. Inú bí mi, mo wọlé lọ kó aṣọ mẹ́ta mìíràn wá, mo ń sun òwú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi jáde síta, ó ní "Mummy kí lẹ̀ ń sun?" Mo bá lo àǹfààní yẹn, mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn ní Sátidé yẹn gan-an tó fi wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ní "Okùn kọ́mú yín ló yọ síta, dúdú lórí gáùn aláwọ̀ ìbẹ́pẹ, mo sì rò pé ẹ máa bínú tí mo bá sọ."

Okùn kọ́mú. Èmi sì ti jókòó níwájú dígí tí mò ń wọn apá.

Mo ní àdìrẹ kan láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ó ti wà nínú àpótí láti ọdún tá a sin ìyá ọkọ mi, mo ṣáná sí òwú rẹ̀, ó jó bíi pépà, eérú fò lọ. Mo gbé e lọ bá tèlọ̀ mi níbí pé apá gbàgẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí láyínì, ó ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní rán an bẹ́ẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Túsìdeè. Ooru inú ṣì dé ní mítìn aago mọ́kànlá bó ṣe máa ń dé, àmọ́ mo fẹ́ apá aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì bí abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ tábìlì, nígbà tá a fi máa dìde ẹ̀yìn mi ti gbẹ. Ọ̀gá wa obìnrin tẹ̀lé mi dé kọ́rídọ̀, ó ní níbo ni mo ti rà á.

Gáùn ìbẹ́pẹ yẹn ò lọ o, mo fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, màá máa wọ̀ ọ́ lálẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Tèlọ̀ Kubwa, ihò apá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù lóòótọ́, mo fi íka mẹ́rin wọn àlàfo tó wà níbẹ̀. Ṣé ó ṣeé tún ṣe àbí ó ti bàjẹ́?

Tèlọ̀_Kubwa:

Ó ṣeé ṣe mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ ní ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ la ti máa yọ èjìká tuntun. Ẹ gbé e wá, kí ẹ wọ kọ́mú tẹ́ ẹ fẹ́ máa wọ̀ sí i wá pẹ̀lú.