Àbúrò mi ń ti kílọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn lókè òkun, ṣé bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń rí ni?

Ọmọ Òkè-Fíà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa ní Òṣogbo níbí, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù gbígbá lókè òkun bá mi dá sí i. Atamátàsé ni àbúrò mi ọkùnrin, pápá ìṣeré wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ. Albania ló kọ́kọ́ dé, ó lọ sí Malta, ó lọ sí Kosovo, ní báyìí ó ní Georgia ló kàn, Georgia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọ́ṣíà o, kì í ṣe t'Amẹ́ríkà. Kò lò ju sáà kan tàbí méjì lọ níbì kankan. Bàbá wa ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣí kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí, wọ́n ní kó padà wálé wá kọ́ iṣẹ́ míì, màmá ní kí wọ́n fi ọmọ àwọn sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò náà ń bi wá pé ilé dà, mọ́tò dà. Ọmọ yẹn ń gbá góòlù wọlé o, mo máa ń rí fídíò. Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn kílọ́ọ̀bù tó ti gbá fún ṣì jẹ ẹ́ lówó oṣù, ó sì ní òun ò fẹ́ pariwo kí wọ́n má baà ba òun lórúkọ jẹ́. Ṣé ká pè é padà ni?

Kọ́ọ̀ṣì Alékúwodò:
Àbúrò, ẹ má pè é padà torí pé ó ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀bù. Ẹ̀rí ò jìnnà sí wa rárá. Odion Ighalo, atamátàsé Nàìjíríà nígbà kan, Prime FC tiwa ní Òṣogbo níbí wà lára ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Julius Berger l'Ékòó, 2007 ló bọ́ sí Lyn ní Norway, ọdún tó tẹ̀ lé e Udinese mú un lọ sí Ítálì. Ṣé Udinese ló ti wá dórúkọ ńlá? Rárá o. Wọ́n yá a fún Granada ní Sípéènì nígbà tí Granada ṣì wà ní ìpele kẹta, wọ́n yá a fún Cesena, ó tún padà sí Granada, òun pẹ̀lú wọn sì jọ gòkè dé La Liga, ìpele tó ga jù ní Sípéènì, ní 2011. Ìgbà tó dé Watford ní 2014 làwa tó wà nílé wá ń pariwo orúkọ ẹ̀, góòlù 20 ní sáà tí wọ́n fi gòkè, góòlù 15 ní Premier League ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ó lọ sí Ṣáínà, Manchester United yá a ní 2020, ó lọ sí Saudi. Ní AFCON 2019, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Íjíbítì, òun ló gba góòlù wọlé jù, 5.

Nǹkan tí bàbá ò mọ̀ ni pé ìdílé kan náà, ìdílé Pozzo, ló ni Udinese, Granada àti Watford nígbà náà. Ètò àwọn olówó ló ń gbé e kiri, kì í ṣe pé kò mọ bọ́ọ̀lù. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, Liverpool rà á ní 2015, kò gba bọ́ọ̀lù kan fún wọn rí torí ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí kò rí gbà, Jámánì, Netherlands, Belgium ló ń lọ ló ń bọ̀ títí Union Berlin fi rà á pátápátá ní 2021.

Mo Gbá A Rí:
Ẹ jẹ́ ká fi ti orúkọ ńlá sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Òfin FIFA sọ pé bí kílọ́ọ̀bù bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì ó kéré tán, kó kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15, bí wọn ò bá san án, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti já kọ́ńtíráàtì yẹn kó sì máa lọ. Ẹjọ́ owó tí wọ́n jẹ ẹ́ yẹn, ó lè gbé e lọ sí FIFA, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ kó tó gbé e lọ. Wọ́n lè ní kí kílọ́ọ̀bù yẹn má forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó, ìyẹn gan-an ló máa ń dùn wọ́n.

Ẹ bi í léèrè kíákíá: ṣé wọ́n ti fún un ní ìwé kan pé kó sáìn kó tó kúrò? Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè. Àwọn kílọ́ọ̀bù kéékèèké kan, bó o bá fẹ́ máa lọ, wọ́n á gbé ìwé wá pé kí gbogbo wa tú ká ní ìrọ̀rùn, tó o bá wá kà á dé ìsàlẹ̀ wàá rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti gba gbogbo owó rẹ, wọn ò sì jẹ ọ́ ní gbèsè kankan mọ́. Ọmọ tí kílọ́ọ̀bù tuntun ń dúró dè, tí fèrèsé ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn àsìkò tí wọ́n fi ń forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀, fẹ́ tì, kíá ló máa sáìn. Bó bá ti sáìn, ọ̀rọ̀ náà le gan-an nìyẹn. Bí kò bá tíì sáìn, kó kó kọ́ńtíráàtì ẹ̀, àkọsílẹ̀ báǹkì, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp pamọ́, kó wá ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè yẹn tó wà lábẹ́ FIFPRO, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé. Kò sẹ́ni tó máa bà á lórúkọ jẹ́ torí pé ó béèrè owó tó ṣiṣẹ́ fún. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ń mú un lọ sí Georgia ńkọ́? Láti 2023 ni FIFA ti ní kí ẹ́jẹ́ǹtì ṣe ìdánwò kó tó gba láísẹ́nsì, orúkọ àwọn tó ní in wà lórí ìkànnì wọn, ẹ lọ wò ó.

Àdùkẹ́ Ọláìyá:
Ẹ̀gbọ́n kọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi Ighalo ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa béèrè pé ilé dà. Agbábọ́ọ̀lù lọkọ mi, irú ibi tí àbúrò yín ń gbá yẹn lòun náà ń gbá, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù tí sáà bá parí tí kílọ́ọ̀bù tuntun ò tíì sáìn, owó kì í wọlé, àmọ́ háyà àti oúnjẹ ò dúró, àwọn ará ilé náà ò sì ní dẹ́kun àtimáa pè. Ọkọ mi máa ń gba ìpè kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan fẹ́ sanwó ilé ìwé, ẹnì kan fẹ́ ṣe òkú. Bó bá sọ pé òun ò ní, wọ́n á ní ó ti di ahun. Bọ̀dá mi, iṣẹ́ tiyín nínú ilé yẹn ni kẹ́ ẹ dá àwọn ará àdúgbò lóhùn, kí wọ́n má gbé e dé etí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè, torí pé ẹ sọ ti góòlù, ẹ sọ ti owó, ẹ ò sọ bóyá ara rẹ̀ yá.

Bàbá Òkè-Baálẹ̀:
Rashidi Yekini, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Abidjan ló gbà kọjá kó tó dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgà ní 1990, ibẹ̀ ló ti di ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà ní 1993. Lẹ́yìn ife àgbáyé 1994 ó lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, kílọ́ọ̀bù tó tóbi ju Setúbal lọ dáadáa, kò bá a lára mu. Ó tún lọ sí Sípéènì, ibẹ̀ náà kò bá a lára mu. Ó padà sí Setúbal ní 1997. Atamátàsé nílò ibi tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n fún un, nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín bóyá Georgia yìí mọ irú ẹni tí wọ́n ń mú wá àbí wọ́n kàn ń wá èèyàn dí àlàfo.

Ọmọ Òkè-Fíà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Mo ti pè é. Wọ́n fún un níwèé lóòótọ́, kò tíì sáìn, ó ní èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀! Mo ti ní kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n Mo Gbá A Rí, lẹ́tà ọjọ́ 15 yẹn, ṣé òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́ ni àbí lọ́yà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn lónìí, ọjọ́ Jímọ̀ ló fẹ́ wọ bàálù.