Ọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì Porsche mi ti yanjú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ Porsche 911 ọdún 2008 mi, tí mo sọ pé bátìrì rẹ̀ kú sílé ní Bódìjà, ti jí o. Ẹ rántí pé iwájú ni bátìrì wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì. Iná ló sì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú ọ̀hún, kò wá ṣeé ṣí láti dé ìdí bátìrì; ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lọ́wọ́ yín bí mo ṣe lè ṣí i.

Ẹni tó ní ká wo àpótí fíúsì lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà jáde. Rẹwáyà so wáyà pupa bátìrì mìíràn mọ́ ọn, dúdú mọ́ irin ilẹ̀kùn. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí! Álààmù sì pariwo débi pé gbogbo àdúgbò yọjú.

Bátìrì tuntun ti wọlé. Ṣájà kékeré ni yóò máa wà lára rẹ̀ báyìí, bí iná bá wà.