Èsì: àrùn kọ́ ni àìsàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Àbúrò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn ní sosiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ, nílùú Ifẹ̀ ló bi wá pé kí ni ká máa pe iṣẹ́ náà lédè wa, kí ni ká pe ohun tí Talcott Parsons, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, kọ nípa aláìsàn ní 1951 (“sick role” ló pè é), àti pé ṣé ó yẹ ká ya àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn: “ẹ̀kọ́ ìwà àwùjọ”, “ipò aláìsàn”, àti pé ọ̀kan náà ni àrùn àti àìsàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. “Ẹ̀kọ́ ìwà” á mú ọmọ rántí ìkíni àti olè jíjà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó mi.

Ọ̀rọ̀ àrùn yìí ló ká mi lára. “Aláìsàn” ni nọ́ọ̀sì ń pe ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ẹ wá pe ẹni náà ní “alárùn” lójú ìyá rẹ̀, kí ẹ wo ohun tójú yín máa rí. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan, báwo lèkejì ṣe di èébú? Inú “sàn” ni àìsàn ti jáde: kò sàn fún mi. Ẹni tó ń ṣe ló mọ bó ṣe ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní àrùn kó má mọ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ń la pákó, tẹ́jẹ̀ rẹ̀ ń ru: ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sàìsàn lójú ara rẹ̀, kò sàìsàn lójú ìyàwó rẹ̀. Dókítà ní kó máa lo oògùn títí ayé. Ó lò ó díẹ̀, ó jáwọ́, torí kò rí ohun tó ń wò. Ọmọ ìṣègùn tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóríkunkun ni.

Ẹ tún ní àwọn baba wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ta ló wá sọ àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “sickle cell” ní fòníkúfọ̀ladìde? Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Ọmọ tó nà gbalaja lónìí, tó jí lọ́la tó ń bèèrè ẹ̀kọ, ni wọ́n rí. Àìsàn ni wọ́n sọ lórúkọ. Àrùn ni ilé ìwòsàn rí lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan béèrè pé nígbà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn, kí la ń wá kiri. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè wo ni màmá tó gbọ́mọ wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà máa fi ròyìn? Nígbà tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní 1970, wọ́n bá irú ìbéèrè yẹn pàdé, wọ́n sì ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lọ.

Ó ku Parsons. Ó ní wọ́n á yọ̀ǹda aláìsàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò ní dá a lẹ́bi. Òun náà gbọ́dọ̀ fẹ́ ara yíyá, kó sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. (Ká tó gbà pé wọn kì í dá a lẹ́bi, ẹ bi oníjẹ̀díjẹ̀dí. Kó tó jókòó, wọ́n ti ní ó fẹ́ràn ohun dídùn jù.) “Ipò aláìsàn” kò gbé e, torí “ipò wo ló wà?” ni wọ́n ń bèèrè lójoojúmọ́ ní wọ́ọ̀dù, bó ṣe le tó ni wọ́n sì ń bèèrè. Mo fẹ́ “àyè àìsàn”: ilé ọkọ fún un láyè, ẹgbẹ́ ọjà fún un láyè. Àléébù rẹ̀ ni pé ojúṣe kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tó wà láàárín wa, ẹni tára rẹ̀ ti yá tí kò fẹ́ padà sọ́jà, tó ṣì ń jẹ àyè yẹn lọ, kí lẹ ń pè é yàtọ̀ sí ọ̀lẹ?