Ráútà mẹ́ta ló wà nílé wa n'Òṣogbo, síbẹ̀ ìpè WhatsApp ń já tí Màmá bá ti ń gòkè

OmoOroki

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará, ẹ dákun ẹ gbà mí lọ́wọ́ Wi-Fi ilé wa yìí. Ilé bàbá mi ni, Ògo-Olúwa níbí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ògiri ẹ̀ nípọn, yàrá mẹ́fà, páálọ̀ méjì, bọ́ìsì kọ́tà tún wà lẹ́yìn. Ráútà tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wà ní páálọ̀ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n kì í dé òkè, ni mo bá ra ìkejì, mo fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè, mo kì í bọ ojú WAN ẹ̀ (ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọnú ráútà), ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní extender, tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un pín síwájú, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná kí àwọn tó wà ní bọ́ìsì kọ́tà lè rí nǹkan lò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tiẹ̀: DADDY, OKE, BQ.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Tí Màmá mi bá ń bá àbúrò mi tó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀ lórí video, tí wọ́n bá ti gbéra ní páálọ̀ tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n tó dé ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ojú àbúrò mi á ti gan pa, ohùn á máa dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, ó di reconnecting. Tí mo bá gba fóònù yẹn wò, DADDY náà ló ṣì dì mú, pẹ̀lú ilà kan péré, OKE sì rèé lórí wọn níbẹ̀! Ìgbà míì á wá já pátápátá, á lọ wọ OKE, ṣùgbọ́n ìpè ti kú nígbà yẹn. Màmá ti ṣòfin pé ẹni tó bá ń pe Kánádà kó jókòó sójú kan bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù.

Ẹnì kan ní kí n lọ ra mesh, àwọn ráútà tí wọ́n ṣe pọ̀ láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, pé gbogbo ẹ̀ á tán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ ta ọjà fún mi? Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan o.

Alaro_Igbona

Kí Màmá máa fi dátà fóònù wọn pè jàre 😂😂 Ó yá, mi ò ṣàwàdà mọ́, ohun kan náà ló ń ṣe wá nílé, mo jókòó síbí.

BabaNetwork

Àntẹ́nà ló kéré. Lọ ra ráútà alántẹ́nà mẹ́jọ kan, gbé e sáàárín ilé, wọ settings kí o gbé power ẹ̀ sí High, Wi-Fi á dé ojú títì. Gbogbo kékèké tóo tò kalẹ̀ yẹn, kó wọn dànù.

WayaOlaiya

OmoOroki, ẹ má tíì ra nǹkan kankan. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì ti bá irú ẹ̀ pàdé nílé mẹ́ta mẹ́rin ní ìgboro Òṣogbo yìí, ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe ti owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ráútà kọ́ ló ń pinnu ibi tí fóònù máa wà, fóònù fúnra ẹ̀ ni. Ráútà lè gbà á nímọ̀ràn, kò lè gbé e. Fóònù á dì mọ́ èyí tó kọ́kọ́ mọ̀ bí ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú, àfìgbà tí ti ibẹ̀ bá burú jáì kó tó wá wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin wá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lójú fóònù ilé onílé mẹ́ta nìyẹn, kò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Kò lè rọra sún láti ọ̀kan sí èkejì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáwọ́ lára DADDY pátá kó tó lọ kanlẹ̀kùn OKE. Ẹ fún gbogbo wọn ní orúkọ kan, páswọ́ọ̀dù kan, irú ààbò kan náà, tó bá jẹ́ WPA2 kó jẹ́ WPA2 níbi gbogbo, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kékeré àti ńlá yàtọ̀.

Ìyẹn nìkan ò tíì tó o, torí ibi tí ìpè yín ti ń kú gan-an ni ojú WAN tẹ́ẹ kì wáyà bọ̀ yẹn. Ẹ ṣe mí lóore kan: ẹ di DADDY mú, ẹ wo IP address fóònù yín (nọ́ńbà tí ráútà fún un láti fi dá a mọ̀), ẹ wá gòkè lọ di OKE mú, ẹ tún un wò. Mo lè fi owó ọ̀sán mi ta pé nọ́ńbà méjèèjì ò ní jọra, bíi kí ọ̀kan jẹ́ 192.168.1 nǹkan kan kí èkejì jẹ́ 192.168.0 nǹkan kan. Torí pé bí ẹ ṣe kì í bọ WAN yẹn, OKE ti sọ ara ẹ̀ di baálé, ó ń pín nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rò ó bíi tálì báǹkì. Ẹ ti gba tálì nísàlẹ̀, wọ́n ti ń dá yín lóhùn, ẹ gòkè, ẹlòmíì tún fún yín ní tálì tuntun, ẹni tó ń dá yín lóhùn tẹ́lẹ̀ ò mọ̀ yín mọ́. Bí ìpè ṣe ń kú nìyẹn, bí Wi-Fi òkè ń kún dẹ́múdẹ́mú.

Ohun tẹ́ẹ máa ṣe: ẹ wọ inú OKE, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Access Point mode sí (á kàn máa pín Wi-Fi, kò ní máa pín nọ́ńbà tiẹ̀ mọ́), ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Tí kò bá ní i (àwọn kan ò ní i), ẹ yí IP tiẹ̀ fúnra ẹ̀ sí nọ́ńbà tó wà ládùúgbò ti ìsàlẹ̀ tí ẹlòmíì ò lò, bíi 192.168.1.2 tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ pa DHCP ẹ̀ (òun ló ń pín nọ́ńbà), kẹ́ẹ wá yọ wáyà kúrò lójú WAN, ẹ kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn ojú LAN (àwọn ihò wáyà tó kù). Ẹ ṣe é bí mo ṣe tò ó o, ẹ kọ IP tuntun yẹn sínú ìwé.

Ti extender yẹn, ibi tẹ́ẹ gbé e sí ni ò dáa. Ohun tó bá gbọ́ ló máa tún sọ. Tó bá jẹ́ fìn-ín-fìn-ín ló ń gbọ́ ní fèrèsé ilé ìdáná, fìn-ín-fìn-ín náà ló máa pín fún bọ́ìsì kọ́tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi rédíò kan ṣoṣo gbà, kó tún fi òun náà tà, ìdajì eré ẹ̀ ti lọ síbẹ̀.

Aduke_K

Ẹ̀gbọ́n WayaOlaiya ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n kín wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ BabaNetwork, ẹ má bínú sí mi sà, ọ̀rọ̀ gbé power sí High yẹn ló ń dá kún ìdààmú. Ẹ rò ó bíi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ ìrun láti òpópónà kẹta, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá pariwo "àmín" láti ibẹ̀, ṣé lèmọ́ọ̀mù á gbọ́? Fóònù náà ní ẹnu kékeré. Ó ń gbọ́ ráútà, ó rò pé òun ṣì wà nítòsí, kò sì ní kúrò, ohùn tiẹ̀ ni kò padà dé ọ̀dọ̀ ráútà. Tí ráútà bá ti ju ọ̀kan lọ nínú ilé, ẹ dín ariwo wọn kù, pàápàá 2.4GHz tó máa ń rìn jìnnà, ẹ gbé e sí Medium tàbí Low. Ẹ sì pín ojú ọ̀nà 2.4 yẹn fún wọn, kí ìsàlẹ̀ lo channel 1, òkè 6, ẹ̀yìn 11 tó bá ti ní wáyà tiẹ̀, kí wọ́n má máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

iPhone, àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ jáde pé tí agbára Wi-Fi tó ń gbọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ -70 dBm (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára yẹn) ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíì, tí ìpè bá sì ń lọ lọ́wọ́, ibi tó bá fi 8 dB dáa ju ibi tó wà lọ ló máa lọ. Android ò dọ́gba, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ máa rí 802.11k, 802.11v àti 802.11r nínú settings. K ń sọ fún fóònù pé àwọn aládùúgbò wa rèé, kò ní máa wá kiri. V máa ń rọra sọ fún un pé ọ̀gá, ibẹ̀ yẹn á tù ẹ́ lára ju ibí lọ. R ní tiẹ̀ ń gé ìkíni ẹnu ọ̀nà kúrú, kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti orí. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, 2008 ni k àti r ti jáde, v dé ní 2011. Àmọ́ tẹ́ẹ bá tan r tí printer tàbí fóònù àtijọ́ kan wá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, ẹ pa á padà, ilé kékeré lè ṣe láìsí i, ìpè á kàn mí díẹ̀ ni.

Mesh? Ohun tí à ń sọ yìí náà ni wọ́n dì sínú páálí kan. Ó dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n tí mesh ò bá ní wáyà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló máa fi bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín tó kún fún irin ló sì máa gbà kọjá. Ẹ̀yin ti fa wáyà ní tiyín, iṣẹ́ tó le jù nìyẹn, ẹ ti ṣe é.

BabaNetwork

Aduke o ṣeun, mo gbà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn. Àntẹ́nà mẹ́jọ ò burú náà ṣá.

OmoOroki

Mo ti dé o. Sátidé ni mo ṣe é. IP méjèèjì yàtọ̀ lóòótọ́, WayaOlaiya ẹ ti jẹ owó ọ̀sán yín! Ráútà òkè ò ní Access Point mode, ni mo bá ṣe ìkejì yẹn, mo yí IP, mo pa DHCP, mo yọ wáyà sí LAN. Mo wá gbàgbé IP tí mo fún un. Ẹ ti ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé o, mi ò kọ ọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnì reset, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí méjì gbáko, bàbá mi ń béèrè pé ṣé wọ́n máa gbọ́ ìròyìn lórí YouTube lónìí báyìí.

Orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́ báyìí. iPhone tèmi gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí ìpè, àwòrán kàn ṣẹ́jú ni, ó tún ń lọ. Ti Màmá ò kọ́kọ́ gbà, Android àtijọ́ ni, ti ìsàlẹ̀ ló ṣì ń dì mú ṣinṣin, ìgbà tí mo dín 2.4 ìsàlẹ̀ sí Low ló tó gbà láti ṣí lọ. Mi ò rí k, v, r kankan nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ náà ó ń lọ.

Nǹkan méjì ló kù. Tí wọ́n bá mú iná, ti ìsàlẹ̀ wà lórí ínfátà, tòkè ò sí níbẹ̀, gbogbo ilé á tún wá rọ́ wá sísàlẹ̀. Bọ́ìsì kọ́tà náà ò tíì dáa.

WayaOlaiya

Ẹ ra UPS kékeré tó ń fún ráútà ní iná tààrà fún tòkè, ṣùgbọ́n ẹ ka ara adaptor ẹ̀ kẹ́ẹ tó lọ, àwọn kan jẹ́ 12V, àwọn míì 9V, ẹ má kàn ra èyíkéyìí.

Bọ́ìsì kọ́tà, wáyà náà ni. Ẹ fi extender yẹn sílẹ̀ tàbí kẹ́ẹ lò ó bí Access Point tó bá ní ojú wáyà. Wáyà Ethernet lè lọ tó 100 mítà, ẹ̀yìnkùlé yín ò lè tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta ni kẹ́ẹ béèrè, kó jẹ́ bàbà gidi, ẹ fi ọ̀bẹ họ orí ẹ̀ wò, tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni, ẹ dá a padà fún wọn. Inú páìpù ni kẹ́ẹ gbà á, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má ta á lókè bí okùn ìsáṣọ, ẹ mọ bí àrá ṣe ń sán níbí tó bá di àsìkò òjò.

OmoOroki

Mo ti gbọ́ sà. Páìpù ni mo fẹ́ lọ rà lọ́la. Màmá ti gbé fóònù dé ìdí adìẹ wọn lẹ́yìn ilé láàárọ̀ yìí láti fi han àbúrò mi, ó já níbẹ̀, wọ́n wá ń pè mí pé ṣebí mo ní mo ti tún un ṣe.