Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìyẹ́sí olùkọ́ kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn òbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní Houston ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tí ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní bésíbọ́ọ̀lù, ẹni tí ó máa ń fi ẹfun fa ìlà pápá fúnra rẹ̀ kí ọmọ kankan tó dé, tí ó sì ń tọ́jú ìbọ̀wọ́ àlòkù fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára.

Mo kọ́kọ́ to àwọn ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ó dà bí àkọsílẹ̀ ọjà. Mo wá ronú kan Jim Morris, olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bésíbọ́ọ̀lù ní Big Lake ní Texas níbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ṣe àdéhùn pé bí àwọn bá gba ipò kìíní ní àgbègbè wọn, òun náà yóò lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n borí, ó sì ju bọ́ọ̀lù fún Tampa Bay Devil Rays, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35. Ìtàn náà dùn lóòótọ́, àmọ́ olùkọ́ tiwa kò fi kíláàsì sílẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ kí òkìkí ẹlòmíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ṣé kí n fi ìtàn Morris bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n dúró lórí olùkọ́ wa nìkan? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.