Marvel vs. Capcom: Infinite tí gbogbo ayé kọ̀ sílẹ̀: ṣé ó tọ́ ká tún un gbé wò?

Ọmọ_Òròkí

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà géèmù. Síìdì géèmù ìjà Marvel vs. Capcom: Infinite ti PS4 kan wà ní ọjà Ìgbọ̀nà, àlòkù ni, owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó géèmù bọ́ọ̀lù tuntun. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń yínmú sí i. Wọ́n ní ojú àwọn inú rẹ̀ kò dára, wọ́n ní kò sí Wolverine, wọ́n ní òkú géèmù ni. Èmi àti àbúrò mi la fẹ́ máa gbá a nílé ní Òkè-Fìà, a ò ní gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tekken 7 la gbọ́ díẹ̀, a ò mọ irú èyí tí èèyàn méjì ń para pọ̀ jà. Ṣé kí n rà á? Bí mo bá rà á, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Pààrọ̀_Kíákíá

Ẹ rà á, bí síìdì náà bá mọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń yínmú, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́.

Oṣù kẹsàn-án 2017 ni Capcom gbé e jáde. Kó tó jáde ni wọ́n ti ń fi ojú Chun-Li ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n fi hàn ní E3, ìpàtẹ géèmù ńlá yẹn, àfìgbà tí wọ́n tún ojú náà ṣe kí géèmù tó dé ọjà. Èèyàn 30 ló wà nínú síìdì, 15 ti Marvel, 15 ti Capcom, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ti wà nínú Ultimate Marvel vs. Capcom 3. Wolverine, Magneto, Storm, Doctor Doom, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹni tó ti ń fi Magneto jà láti ọdún gbọọrọ, ẹ ò lè bá a wí bó bá bínú. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tó jáde tí Dragon Ball FighterZ, géèmù ìjà mìíràn, fi dé, tó rẹwà bí àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, ni Evo 2018, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, bá yọ Infinite kúrò nínú àwọn géèmù ńlá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọjà ti kú.

Nínú gbogbo ẹjọ́ yìí, ẹ wò ó dáadáa, kò sí èyí tó kan ìjà fúnra rẹ̀. Ojú ló burú. Ìwà lẹwà, àwọn Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwà rẹ̀ ni ìpààrọ̀. Nínú àwọn Marvel tó ṣáájú, èèyàn máa ń pe ẹnìkejì kó wá lu ẹ̀ṣẹ́ kan kó sì padà. Níbí, kò sí àpèpadà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ ó tẹ̀, ẹnìkejì á wọlé nígbàkígbà tí wọn kò bá ti ń lu ẹni tó wà níwájú, ì báà jẹ́ àárín ẹ̀ṣẹ́ ló wà. Ẹni tó ń jáde yóò parí ohun tó ń ṣe kó tó lọ. Ẹ fi Ryu ju Hadoken, ẹ tẹ ìpààrọ̀ lójú ẹsẹ̀, Captain America á ti wọlé kí bọ́ọ̀lù iná náà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Ọ̀tá ń ṣe gáàdì (ó ń dènà) fún iná, Captain ti dúró níwájú rẹ̀. Géèmù náà wà nínú ohun kan yìí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ yín, tí ohunkóhun tiyín kò sí lójú afẹ́fẹ́, ẹni tó ń wọlé yóò kàn wá jẹ ẹ̀ṣẹ́ ni. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni kí ẹni tó ń jáde má tíì kúrò, kí ọ̀tá lu àwọn méjèèjì pọ̀ nínú kọ́ńbò (ẹ̀ṣẹ́ tó so kọ́ra) kan náà. Ẹ̀jẹ̀ méjì á sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ìgbà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́: ọ̀tá ń ṣe gáàdì, ọ̀tá ń jẹ ìyà lọ́wọ́, tàbí ohun tí ẹ jù ń fò lọ níwájú. Ẹ kò sì lè tún un tẹ̀ títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi kúrò lójú pátápátá, nítorí náà ẹ má fi ìbínú lu bọ́tìnnì.

Kọ́ńbò kò le. Square ni ẹ̀ṣẹ́ kékeré, X ni ìtàpá kékeré, Triangle ni ẹ̀ṣẹ́ ńlá, O ni ìtàpá ńlá. Square, X, Triangle, kẹ́ ẹ wá mú ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Triangle: ìyẹn ló ń gbé ọ̀tá sókè, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún gbogbo èèyàn inú géèmù náà. Ẹ tẹ òkè láti tẹ̀ lé e, ẹ tún tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ní tẹ̀ léra lókè. Tó bá jẹ́ pé ó ń já lọ́wọ́ yín lókè, ẹ ti pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó fò ni. Square lásán tí ẹ bá ń tẹ̀ léraléra náà máa ń ṣe kọ́ńbò fúnra rẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà parí, àbúrò yín á mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Triangle àti O pọ̀ ni hyper (ìkọlù àrà ńlá) tó rọrùn, ìpele kan ló ń jẹ nínú mẹ́rin tí àpò agbára yín lè gbà.

Ẹ fi ìpele méjì pamọ́ nígbà gbogbo. Bí ọ̀tá bá ń lù yín tí ẹ sì ní ìpele méjì, ìpààrọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ nígbà yẹn á mú ẹnìkejì wọlé láti já kọ́ńbò náà. Ẹni tó bá ń fi gbogbo àpò rẹ̀ ju hyper ni yóò máa wo ara rẹ̀ bó ṣe ń kú.

Ọmọ_Òròkí

Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn òkúta agbára mẹ́fà inú rẹ̀ (Infinity Stones) ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀kan wà tó ń jí òkú dìde. Mo mọ àbúrò mi, ìyẹn ló máa mú lójoojúmọ́. Black Panther àti Venom ha wà nínú síìdì?

Pààrọ̀_Kíákíá

Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ ó mú òkúta kan. Iṣẹ́ méjì ló ní: kékeré tí ẹ lè máa lò léraléra, àti ìjì, agbára ńlá rẹ̀, tó máa ń dé nígbà tí àpò òkúta bá ti kún dé ìdajì, tí ẹ bá tẹ ìpààrọ̀ àti òkúta pọ̀. Tí ẹ bá dúró kó kún tán, ìjì náà á pẹ́ sí i. Jíjẹ ìyà wà lára ohun tó ń kún un, nítorí náà ẹni tó ń pàdánù gan-an ló sábà máa ń kọ́kọ́ ní ìjì.

Space ń fa ọ̀tá wá sọ́dọ̀ yín. Ìjì rẹ̀ ń há a mọ́ inú àpótí kékeré kan. Haggar àti Hulk tí ẹsẹ̀ wọn wúwo ló yẹ. Power ń gbá ọ̀tá mọ́ ògiri kó lè ta padà sínú kọ́ńbò. Time ń jẹ́ kí ẹ sáré gba inú ọ̀tá kọjá. Ọwọ́ àwọn ọ̀jẹ̀ ló dùn sí jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi sáré lọ jẹ ẹ̀ṣẹ́. Reality ń ju bọ́ọ̀lù kan tó ń rìn jẹ́jẹ́ lé ọ̀tá kiri. Ẹ máa rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mind gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kó tó mú un, tó bá mú un, orí rẹ̀ á dàrú. Ìjì rẹ̀ ń kún àpò hyper láìdúró.

Soul lẹ ń bi mí. Kékeré rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá fún yín. Ìjì rẹ̀ ń jí ẹnìkejì tó ti kú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́, ẹ ó sì máa darí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí àbúrò bá mú Soul, ẹ má sá fún un nígbà tí ìjì bá dé. Ẹni tó jí ni kẹ́ ẹ wá, ìlù díẹ̀ ló kù fún un.

Black Panther, Venom, Sigma, Black Widow, Winter Soldier àti Monster Hunter kò sí nínú síìdì. Owó ọ̀tọ̀ ni wọn.

Àdùkẹ́_Páàdì

Kí n fi tèmi kún un lórí síìdì àti iná.

Tí ó bá jẹ́ páálí tó ní kóòdù àwọn mẹ́fà yẹn lẹ rí, ẹ má sanwó kún owó nítorí kóòdù: ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó kọ́kọ́ ra páálí náà ti lò ó. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà wọ́n lórí PSN, ọjà PlayStation orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé agbègbè àkáǹtì yín bá ti síìdì mu. Síìdì Yúróòpù pẹ̀lú àkáǹtì Amẹ́ríkà kì í gba ara wọn.

Ẹ gbé síìdì sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo àpá ara rẹ̀. Àpá tó gba àárín lọ sí etí kò burú tó èyí tó ń yí po bí ipa ọ̀nà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pàdánù ohun tó ń kà. Ẹ má tíì sanwó títí wọ́n fi gbé e sínú PS4 kan, tó sì dà sórí ẹ̀rọ tán dé 100%. PS4 máa ń da gbogbo géèmù sínú ara rẹ̀, nítorí náà síìdì tó bàjẹ́ á há sójú kan lórí ìdá-ọgọ́rùn-ún kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tó bá ti wọlé tán, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó gba àtúnṣe rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lè pa dátà.

Páàdì: ẹ fi bọ́tìnnì ọfà (D-pad) jà, ẹ má lo igi (stick). Igi páàdì tó ti gbó máa ń rìn fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Triangle yín á di Triangle lásán, ẹ ó sì máa rò pé ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n. Tí ó bá dà bíi pé bọ́tìnnì ń pẹ́, ẹ lọ sí Settings, Devices, Controllers, Communication Method, ẹ yan USB. Wáyà tó ń gba dátà ni kẹ́ ẹ rà. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, iná nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ yí i sí Game Mode, torí bó ṣe ń ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́ ló ń jẹ́ kí ohun tí ẹ tẹ̀ pẹ́ kó tó hàn.

Iná: ẹ má fi PS4 sí rest mode nílẹ̀ yìí. Bí NẸ́PÀ bá mú iná níbi tó ti ń sùn, tàbí nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ lè bá a pé ó ń tún database kọ́ nígbà tí ẹ bá tàn án. UPS 650VA kò ní gbé yín jà títí, àmọ́ ó máa fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti parí ìjà kí ẹ sì pa á dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé PS4 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n 32, ṣùgbọ́n ẹ fi stabiliser sáàárín, torí bí ìyá oníyán tó ń lo blender bá tan tirẹ̀ mọ́ ọn, iná á mì.

Kò_Sí_Magneto

Gbogbo yín ń polówó. Bí ó bá jẹ́ Wolverine àti Storm ló wà lọ́kàn ẹni tó béèrè, kó má tan ara rẹ̀. Marvel vs. Capcom Fighting Collection tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024 wà lórí PS4, géèmù méje ló wà nínú rẹ̀, Marvel vs. Capcom 2 tó ní èèyàn 56 sì wà níbẹ̀. Ìtàn inú Infinite náà, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Pààrọ̀_Kíákíá

@Kò_Sí_Magneto, òótọ́ lẹ sọ nípa ìtàn náà. Èèyàn 56 yẹn ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé Magneto, Storm, Sentinel àti Cable ló ń jẹ gbogbo àwọn tó kù. Bí ẹnìkan bá mú wọn tí ẹnìkejì mú ẹni tó wù ú, kò sí ìjà mọ́. Fún èèyàn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, Infinite ṣàánú jù ú lọ.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán, ọ̀nà mìíràn wà. Ní oṣù kejìlá 2024, àwọn olólùfẹ́ géèmù náà gbé àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Infinite & Beyond, Maximilian Dood, gbajúmọ̀ agbágéèmù orí YouTube, ló ṣáájú wọn. Ó yí ojú àti àwọ̀ rẹ̀ padà kó dà bí ìwé àwòrán. Géèmù tí ẹ rà lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà, gan-an lẹ gbọ́dọ̀ ní, kò sì ṣiṣẹ́ lórí PS4 rárá, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta síìdì PS4 "tó ti ní Beyond" fún yín ní Ìgbọ̀nà, ẹ máa rìn lọ.

Ọmọ_Òròkí

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: ta ni kí èmi àti àbúrò mi mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Pààrọ̀_Kíákíá

Ẹ̀yin: Ryu níwájú, Captain America lẹ́yìn, òkúta Power. Àbúrò: Spider-Man àti Hulk, òkúta Space. Ẹ má yí i padà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ́ ẹ tó bára yín jà, kí kálukú wọ Training fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọlangidi máa ṣe gáàdì, kẹ́ ẹ ju Hadoken, tàbí ohun tí ẹni tí àbúrò mú lè jù, kẹ́ ẹ pààrọ̀, kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí iná tó tán lára gáàdì rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìtàsé, ẹ ṣe é láti apá kejì. Ọwọ́ òsì ló máa ń já èèyàn kulẹ̀.